Ẹni Tó Jọ̀wọ́ Àkàbà

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn. Ẹ má dúró sábẹ́ ohun tó so rọ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Hamid bá Moṣọpẹ́ sọ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Ó ń tọ́ka sókè, níbi tí àpótí irin kan ti so rọ̀ lára ẹ̀wọ̀n ẹ̀rọ ìgbẹ́rù. Moṣọpẹ́ sún sẹ́yìn, ó sì wo ojú ọkùnrin náà dáadáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń wá ojú yẹn.

Ojú náà kò rí bó ṣe rò pé ó máa rí. Kò le, kò sì gbéraga. Ojú ẹni tí oorun kì í kùn dáadáa ni. Èyí bí Moṣọpẹ́ nínú, nítorí ó ti fẹ́ kí ọ̀tá òun jọ ọ̀tá.

Ilé ìwádìí kan ni, lápá odò ní Dagenham, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tọ́jú oògùn sínú òtútù. Àwọn yàrá ibẹ̀ ga bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Kí òṣìṣẹ́ tuntun tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Hamid, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo àkàbà àti ẹ̀rọ ìgbẹ́rù láìfarapa.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ àkàbà kẹ́ ẹ tó gùn ún," ó ń sọ fún wọn. "Ṣé rọ́bà ìdí rẹ̀ ṣì wà? Ṣé kò tíì jẹ? Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mú bá jìnnà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé àkàbà súnmọ́ ọn. Ẹ má nàgà bí ẹni tó ń ká máńgòrò olóko."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Moṣọpẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Tí kò bá síbi tí ẹ lè so orí àkàbà mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹni náà ní. Kò gbọdọ̀ gbé fóònù. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni." Ohùn rẹ̀ já díẹ̀ níbẹ̀.

"Tó bá wá jọ̀wọ́ ẹ̀ ńkọ́?" Moṣọpẹ́ bi í.

Hamid wò ó. "Ẹni tó wà lókè á já bọ́."

"Ẹni tó jọ̀wọ́ ẹ̀ ni mò ń béèrè. Kí ni wọ́n máa ń fi ṣe?"

"Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀," ó ní. "Ìyà rẹ̀ nìyẹn."

Moṣọpẹ́ kò gbà pé ìyà nìyẹn.

Ọmọ méjì péré ni bàbá rẹ̀, Bàbá Morákinyọ̀, bí: Jésùfẹ́mi àti òun. Nínú ilé ìwádìí yẹn ni Jésùfẹ́mi kú sí. Ẹ̀wọ̀n ẹ̀rọ ìgbẹ́rù há, ó gun àkàbà lọ tú u, Hamid sì di àkàbà náà mú nísàlẹ̀. Hamid jọ̀wọ́ rẹ̀. Àkàbà yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, Jésùfẹ́mi sì fi orí sọlẹ̀. Nígbà tí àwọn tó wá wádìí ọ̀ràn náà bi Hamid pé kí ló dé, "Mo jọ̀wọ́ ẹ̀" nìkan ló sọ. Wọn kò rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àwọn ọ̀gá mú un kúrò nídìí iṣẹ́ òkè, wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ẹlòmíì.

Bàbá Morákinyọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Òun ni olórí àwọn tó ń tún ibẹ̀ ṣe. Ó ní ariwo lòun gbọ́ tóun fi sáré wọlé. Láti ọjọ́ náà kò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ń jókòó ṣáá nínú fúláàtì wọn ní Barking Riverside, ó ń wo odò. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló ń jáde, láti lọ sí ìjọ Aládùrá wọn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tan àbẹ́là lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ka sáàmù ẹ̀san, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Hamid sí i.

Moṣọpẹ́ náà ti kà á pẹ̀lú wọn. Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Ṣùgbọ́n Hamid ń jí lójoojúmọ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gba owó oṣù. Ìgbà tí ara Moṣọpẹ́ kò gbà á mọ́, ó wáṣẹ́ lọ sí ilé ìwádìí náà. Orúkọ ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀ ní Manchester ṣì wà lára ìwé rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ète rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó fẹ́ kí Hamid fẹ́ràn òun. Ó fẹ́ kó gun òkè lọ, kó gbé gbogbo ara lé òun. Lẹ́yìn náà, òun á jọ̀wọ́ rẹ̀.

Hamid kì í tètè súnmọ́ èèyàn. Tíì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gbé e sórí tábìlì Moṣọpẹ́, á sì lọ láìsọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n jọ ń jẹun lọ́sàn-án ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Heathway. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, Hamid bẹ̀rẹ̀, ó mi àga Moṣọpẹ́ wò kó tó ní kó jókòó.

"Ṣé gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló máa ń yẹ ìdí àga wò ni?"

"Gbogbo wọn kọ́," Hamid ní. "Àwọn tó fẹ́ràn ẹni tó fẹ́ jókòó síbẹ̀ nìkan ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Moṣọpẹ́ kó tó mọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e lọ sílé, inú ń bí i sí ẹnu ara rẹ̀.

Ó ń wá ohun tó máa jẹ́ kó kórìíra rẹ̀ sí i. Ó rí ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, Hamid di àkàbà mú fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìyá Aqeelah tó ń nulẹ̀ sì ń kọjá. Ìyá àgbà ni, ọmọ Abẹ́òkúta.

"Hamid, mo kí ẹ o," ìyá náà ní.

Hamid kò dáhùn. Kò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí!" Ìyá náà pòṣé, ó kọjá lọ.

Ọkàn Moṣọpẹ́ balẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé ọkùnrin yìí kò ka àgbà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ tán, Hamid sáré tọ ìyá náà lẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń rìn kọjá, ó ń bẹ̀ ẹ́. Moṣọpẹ́ yí ojú kúrò.

Bí òtútù ṣe ń lọ, tí ilẹ̀ ń pẹ́ ṣú, ìfẹ́ wọlé tọ Moṣọpẹ́ láìkanlẹ̀kùn. Ó mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rù rẹ̀. Tó bá délé, á dúró níwájú àwòrán Jésùfẹ́mi nínú aṣọ funfun ìjọ, á ní, "Má bínú sí mi. Mi ò tíì gbàgbé."

Hamid fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ìjókòó létí odò.

"Ṣọpẹ́, ohun kan wà tó yẹ kó o mọ̀ kí n tó sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹnì kan ti kú lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo di àkàbà mú fún un, mo sì jọ̀wọ́ ẹ̀."

"Kí ló mú ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀?"

Hamid kọjú sí odò.

"Sọ ọ́ fún mi."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Èmi tó o ní o fẹ́ fẹ́?"

"Ìwọ gan-an, olólùfẹ́ mi. Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Ká ní ó sọ ìdí kan ni, ìdí yòówù, bóyá Moṣọpẹ́ ì bá sọkún, kó sì jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn mú inú rẹ̀ le bí òkúta. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, ẹni tí kò lè sọ, ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Ó di ọwọ́ Hamid mú.

"Mú àwọn èèyàn ẹ wá sọ́dọ̀ dádì mi," ó ní.

Inú Hamid dùn débi tó fi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀rín yẹn gún Moṣọpẹ́ bí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Nílé, Bàbá Morákinyọ̀ ń mu ògì nígbà tó sọ fún un.

"Ta ni wọ́n pè é?"

"Hamid."

"Hamid wo?"

"Hamid kan náà, Dádì."

Bàbá náà gbé ife sílẹ̀. "Má mú un wọ ilé yìí."

"Dádì, àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí Ọlọ́run fi í lé wa lọ́wọ́? Ó ti fi í lé mi lọ́wọ́. Á wọlé pẹ̀lú ìyá ẹ̀, á wá tọrọ mi. Á wá rí àwòrán Bọ̀dá mi lára ògiri. Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọlọ́run ni mo bẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́!" Bàbá náà dìde. "Mùsùlùmí tún ni. Sọ fún un pé kó má wá."

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Moṣọpẹ́ rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe bàbá òun bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé àwòrán Jésùfẹ́mi síbi tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tààrà. Kò tíì sọ fún Hamid rí ju "dádì mi" lọ. Kò dárúkọ bàbá rẹ̀.

Alhaji Tìjání, àbúrò bàbá Hamid, ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń yọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó rí ẹni tó ń kí. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, a rí òdòdó kan lọ́gbà yín ni o!" Hùmúàní, ìyá Hamid, kúnlẹ̀ pẹ̀lú àpò èso lọ́wọ́. Hamid wọlé gbẹ̀yìn.

Ó rí àwòrán náà. Lẹ́yìn náà ó rí bàbá tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó dúró sójú kan.

"Hamid," Alhaji ní láti ilẹ̀, "ṣé èmi ni mo fẹ́ gbé ìyàwó ni? Wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó ẹ."

Moṣọpẹ́ dìde. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí sórí tipẹ́tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, Hamid. Jésùfẹ́mi Morákinyọ̀. Ìwọ lo dì í mú, o sì jọ̀wọ́ ẹ̀. Èmi náà ti dì ẹ́ mú. Ó yá, mo jọ̀wọ́ ẹ. Já bọ́ o."

Ojú Hamid funfun bí eérú. Ohun tí Moṣọpẹ́ ti ń wá nìyẹn, ó sì rí i, kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ rárá.

"Yéè, mo gbé!" Hùmúàní ké. "Hamid, ṣé ọmọ wọn nìyí? Ọmọ tó kú yẹn? Wólẹ̀! Wólẹ̀ kó o bẹ̀ wọ́n!" Ó gbá etí aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fà á wálẹ̀.

"Mi ò lè ṣe é, Mọ́mì."

"O pa ọmọ wọn, o ò lè dọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yìí."

"Ẹ wò ó!" Moṣọpẹ́ pariwo. "Ẹ wo irú èèyàn tó jẹ́! Dádì, ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ ṣépè fún un lójú ara ẹ̀!"

Hamid kò wo Moṣọpẹ́. Bàbá náà ló ń wò, ojú rẹ̀ sì kún fún àánú, bí ẹni tó ń wo aláìsàn. Ojú àánú yẹn ni Bàbá Morákinyọ̀ kò lè gbà.

"Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀," ó ní. "Ẹ má fà á láṣọ mọ́."

"Dádì?"

"Mo ti wọlé kí ariwo tó sọ, Ṣọpẹ́. Ó di àkàbà mú. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, sà,' ṣùgbọ́n kò yíjú. Inú bí mi. Mo ní, 'Ẹ̀yìn lo kọ sí mi kí mi? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?' Jésùfẹ́mi ń rẹ́rìn-ín lókè. Ó ní, 'Hamid, kí dádì mi dáadáa o, wọn kì í gbàgbé.' Ọmọ yìí wá fi ọwọ́ kan di àkàbà, ó tẹríba." Bàbá náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún mú un kúrò. "Mo ní, 'Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Ìjẹ̀bú nìyẹn?' Ni ọmọ ọlọ́mọ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi."

Ó wo àwòrán ọmọ rẹ̀.

"Mi ò tíì dá a lóhùn tí àkàbà fi yọ̀."

Alhaji Tìjání ti dìde kúrò nílẹ̀. Kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Mo sọ fún wọn pé ariwo ni mo gbọ́," Bàbá Morákinyọ̀ ní. "Ọmọ yìí gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Kò já mi nírọ́."

"Gbogbo ọjọ́ Ẹtì!" Moṣọpẹ́ kọjú sí i. "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ ń jẹ́ ká pe orúkọ ẹ̀!"

"Tí mi ò bá pe tiẹ̀, orúkọ ta ni mo fẹ́ pè?"

Hamid yíjú sí Moṣọpẹ́ wàyí. "Tíì tá a jọ mu," ó ní jẹ́jẹ́. "Gbogbo ẹ̀rín yẹn. Ọwọ́ mi tó o dì mú létí odò. Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀?"

Hamid gbé àpò èso ìyá rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀san ò tíì tán lára Moṣọpẹ́. Ibòmíràn ló kàn kọjú sí. Kò kí bàbá rẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ fún un láìsọ̀rọ̀, ó sì ń wo bí bàbá náà ṣe ń gbìyànjú láti jẹ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì dé, ó tẹ̀lé e lọ sí ìjọ. Àwọn obìnrin ti wà lórí eékún, láìwọ bàtà, àbẹ́là lọ́wọ́ kálukú.

"Hamid náà ni, àbí?" Ìyá Abímbọ́lá tó ń darí wọn béèrè.

"Rárá, mà," Moṣọpẹ́ ní. "Orúkọ mìíràn ni."

Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn pọ́n ọn bí ọ̀bẹ. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí bàbá rẹ̀ lórí eékún lẹ́bàá ògiri. Kò rọ̀ ọ́ pé kó má sọ ọ́.

"Ẹ pe tèmi," bàbá náà ní fúnra rẹ̀. "Ẹ pe Morákinyọ̀. Èmi ni."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Epo àbẹ́là kán sí Moṣọpẹ́ lọ́wọ́, ó gbóná. Ó ti fẹ́ kí bàbá rẹ̀ bẹ̀rù. Bàbá náà kò bẹ̀rù. Ó ń dúró dè é ni. Kí ló kù tí sáàmù lè ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ó fẹ́ àbẹ́là ọwọ́ rẹ̀ pa.

"Ẹ má pe ẹnikẹ́ni, mà," ó ní. Lẹ́yìn náà ó lọ bá bàbá rẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì yín, Dádì. Ṣùgbọ́n ẹ dìde. Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn níbi iṣẹ́."

Ó sọ ọ́. Ó jókòó níwájú Levi, ọ̀gá ibẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, Moṣọpẹ́ sì jókòó tì í. Levi bi í bóyá ó máa tún un sọ fún àwọn tó wádìí ọ̀ràn náà. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Levi ní Hamid ti gba ìsinmi, kò sì gbé fóònù.

Kò gbé ti Moṣọpẹ́ náà.

Ní Heathway, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja dídì, ni ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án léjìká. Hùmúàní ni. Moṣọpẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀ sínú omi ẹja," Hùmúàní ní. "Dúró dáadáa. Ìkí ti fojú ilé tèmi àti tiyín rí nǹkan."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ forí jì mí."

"Mi ò forí ji ẹnikẹ́ni. O dójú tì mí lójú àbúrò ọkọ mi. Ọmọ mi ò jẹun. Mo ṣe é ní ìkọ́kọrẹ́, ó ní òun á jẹ ẹ́ tó bá yá. Ìkọ́kọrẹ́!" Ó gbé ẹja kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó dá a padà. "Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀ ni, àbí o ò fẹ́ràn ẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀, mà."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo ń bá a jà ni. Mi ò mọ ìgbà tó borí mi."

"Kí ló dé tí o ò wá sílé wá sọ ọ́?"

"Ojú ń tì mí."

"Ó yẹ kó tì ẹ́." Hùmúàní na àpò ẹja ńlá kan sí i. "Gbé e. Ó wúwo, mi ò ní bá ẹ gbé e."

Ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Whalebone, ìyá náà kọjá wọlé, ó fi Moṣọpẹ́ síta. Hamid ló jáde wá. Ó ti rù.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá dá ẹ lóhùn," Moṣọpẹ́ ní. "Irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tíì àkọ́kọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ, irọ́ ni. Ẹ̀rín tí mo rín ní Heathway, òótọ́ ni, mo sì kórìíra ara mi nítorí ẹ̀. Létí odò, òótọ́ ni ọwọ́ mi, irọ́ ni ẹnu mi. Èmi náà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Hamid ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Inú ń bí mi, Ṣọpẹ́. Gbogbo àsìkò yẹn ni mo fi gba ẹ̀bi, mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mo wá ń bínú sí."

"Máa bínú. Ó tọ́ sí ẹ."

"Ó lè pẹ́ o."

"Màá dúró."

"Ibo?"

"Ibí."

"Nínú òtútù ìrọ̀lẹ́ yìí?"

"Jẹ́ kó mú mi."

Láti ilé ìdáná, ohùn Hùmúàní já wọlé sáàárín wọn. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹja mi ń yọ́ o! Ẹ wá parí ìjà yín nínú ilé!"

Hamid mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú etí kan lára àpò ẹja náà.

"Ìbínú mi ò tíì tán," ó ní.

"Mo mọ̀," Moṣọpẹ́ ní, ó sì mú etí kejì.